Kò Sí Àgbo Tí Ó Lè Fi Kún Ẹyin Obìnrin

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 37 ni mí, Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Ọdún kejì rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ń retí ọmọ. Ẹnìkan ta àgbo ata ilẹ̀ pupa àti ìṣápá fún mi, ó ní ilé-ẹyin mi ló ti dógùn-ún, pé àgbo náà yóò fọ̀ ọ́, ẹyin yóò sì pọ̀ sí i. Oṣù mélòó ni kí n fi mu ún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin mi. Kí a tó sọ̀rọ̀ oṣù, irọ́ ni ẹni náà pa fún yín nípa iye ẹyin. Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní láyé ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i; nǹkan bí mílíọ̀nù 1 sí 2 ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bí i. Nígbà tí ó bá fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ó ti kù sí bí 300,000 sí 400,000, èyí tó kù náà sì ń gbẹ dànù díẹ̀díẹ̀, yálà ó mu àgbo tàbí kò mu. Kò sí ewé tàbí egbò tí ó lè fi ẹyọ kan kún un.

Ní ti ìdógùn-ún, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ó rọrùn láti fi tan ènìyàn. Bí ara ti ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára, àwọn èérún olóró kan máa ń ta jáde bí iná ti ń ta lára èédú, wọ́n sì lè ba ẹyin jẹ́ bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tí ara lè kápá lọ. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní oxidative stress. Àwọn èròjà bíi curcumin inú ata ilẹ̀ pupa, quercetin inú àlùbọ́sà àti anthocyanin tí ó mú kí ìṣápá pọ́n dòdò lè pa èérún wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ara eku ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí náà, eku tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi oògùn jẹjẹrẹ tàbí májèlé ba ilé-ẹyin rẹ̀ jẹ́. Ara tí a bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tiyín. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ilé-ẹyin nílò díẹ̀ nínú èérún yìí kan náà kí àpò ẹyin tó lè bẹ́, kí ẹyin sì jáde lóṣooṣù; nígbà tí àwọn onímọ̀ pa wọ́n nínú ilé-ẹyin eku, ẹyin kò jáde bó ṣe yẹ. Nítorí náà, fífọ̀ kọ́ ni ilé-ẹyin ń fẹ́.

Ẹ máa jẹ ìṣápá, tẹ̀tẹ̀ àti àlùbọ́sà, oúnjẹ gidi ni wọ́n. Ìgò àgbo tí wọ́n tà fún yín yẹn ni mo ń bẹ̀rù. Obìnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi rí: ìdérí rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, òórùn ọtí líle sì bò mí nímú kí n tó ṣí i tán, kò sì sí ìwọ̀n tàbí orúkọ ohunkóhun lára rẹ̀. Ògidì èròjà ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń lò bí oògùn ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ẹ má mu ún mọ́.

Obìnrin tó ti pé ọdún 35 kò gbọdọ̀ retí ju oṣù 6 lọ kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ti lo ọdún méjì. Kí ọ̀pá ẹyin, ìyẹn ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ, dí wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, àgbo kò sì lè là á. Àtọ̀ ọkọ náà sì gbọ́dọ̀ di yíyẹ̀wò. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ tiyín láìrí yín. Ẹ̀yin àti baálé yín, ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti LAUTECH tàbí ti Bowen lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì gbé ìgò náà dání, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yín wò pẹ̀lú.