Èsì: Volkswagen Golf GTI àti Mini Cooper jọra lójú mi nígbà tí mo wà wọ́n wò

Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé títì tó ní kòtò lẹ fẹ́ gbà. Títì dídán tí wọ́n mú yín gbà ni kò jẹ́ kí ẹ rí ìyàtọ̀.

Ẹ wo rímù kí ẹ tó jókòó. GTI Autobahn, èyí tó wọ́n jù nínú GTI, máa ń wọ ínṣì 19, GTI S tó kéré jù lówó ń wọ 18. Bí rímù bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ń kéré tó, ẹ̀yìn yín ló sì máa jẹ ìyókù. Ọ̀pọ̀ Mini ló ń lo táyà run-flat (táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ bó bá jò), èyí tó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ fa ìjókòó awakọ̀ sí ibi tó bá yín lára, kí ẹ wá lọ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Mini onílẹ̀kùn méjì, orúnkún yín á jẹ́rìí.
2. Ẹ yí ohùn rédíò padà lórí eré. Ti GTI 2022 sí 2024, ìka lẹ máa fi rá a, kì í sì í tanná lálẹ́. Inú bí mi sí i gan-an.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn o. Tó bá jẹ́ ti ìgbádùn òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ táyà.

Jíà àfọwọ́yí ńkọ́? 2024 ló gbẹ̀yìn fún GTI ní Amẹ́ríkà, àlòkù lẹ máa wá.