Ṣé "ẹsẹ̀" ni "ped" nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹnìkan béèrè pé "ped" ló bẹ̀rẹ̀ pedal, pedestrian, pedigree, pediatrician àti pedagogue. Wọ́n ti kọ́ òun pé "ẹsẹ̀" ni ped. Kí ló wá kan ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ dókítà ọmọdé?

Kò kàn án rárá. Ojú ló jọra, ìdílé wọn kò papọ̀.

Nínú èdè Látìn, pes tàbí pedis ni ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni pedal ti wá, ohun tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ tàbí dùùrù. Ibẹ̀ náà ni pedestrian, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú pópó, àti pedicure, ìtọ́jú ẹsẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Pedigree ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí ìran tí èèyàn tàbí ẹran ọ̀sìn ti ṣẹ̀ wá ló ń sọ. Pied de grue ni, láti inú èdè Faransé àtijọ́: ẹsẹ̀ ẹyẹ kan tí ojúgun rẹ̀ gùn, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yà gbàgà. Bí àwọn akọ̀wé ayé ọjọ́un bá ń kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀, wọ́n á fa ìlà láti ara bàbá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ìlà náà á sì rí gẹ́lẹ́ bí ojú ẹsẹ̀ ẹyẹ náà.

Èdè Gíríìkì ni ìdílé kejì. Pais ni ọmọ níbẹ̀, iatros ni oníṣègùn. Pa wọ́n pọ̀, o ti rí pediatrician. Pedagogue ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí, àmọ́ ní Gíríìsì àtijọ́, ẹrú ni paidagogos. Òun ló ń mú ọmọ olówó rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, á bá a gbé ẹrù, á máa ṣọ́ ìwà rẹ̀ lójú ọ̀nà, á sì tún mú un padà wálé. "Ẹni tó ń mú ọmọ lọ" gan-an ni orúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń kọ́ ọmọ náà níwèé. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kúrò lára amọ̀nà, tó bọ́ sára olùkọ́.

Báwo la ṣe ń dá wọn mọ̀? Àwọn ará Bírítéènì ń kọ paediatrician, Amẹ́ríkà ló yọ "a" kúrò. Tí o bá rí "paed", ọmọ ni. Má gbára lé èyí nìkan o, torí ní Bírítéènì pàápàá, kò sí "a" nínú pedagogue mọ́. Wo ìdí ọ̀rọ̀ náà: bí iatric tàbí agogue bá tẹ̀ lé ped, Gíríìkì ni, ọmọ ló ń sọ. Ẹsẹ̀ ní èdè Gíríìkì, pod ni, bíi ti tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti podiatrist, oníṣègùn ẹsẹ̀.

Pedology, ìmọ̀ nípa iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀, kò ti inú pes tàbí pais wá. Pedon, ìyẹn ilẹ̀ ní èdè Gíríìkì, ni tiẹ̀.