Ṣé ó ṣeé ṣe láti fi éésì sínú Peugeot 504 àtijọ́ tí kò bá a wá láti ilé-iṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe, níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín bá yè kooro. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ni yóò máa yí compressor (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀), condenser (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru dànù) yóò wà níwájú radiator, evaporator (ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù) àti fáànù rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Éésì fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Condenser ń da ooru sórí radiator, nítorí náà ọkọ̀ tó ń lọ geere lójú ọ̀nà Ìkìrun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó nígbà tó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá nílùú Òṣogbo, níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè gba iwájú rẹ̀ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ fọ radiator, kí ẹ sì fi fáànù oníná sí condenser. Alternator àtijọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, lè má gbé gbogbo iná wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí réwáyà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fi fíúsì ọ̀tọ̀ sí i.

Gáàsì R134a ni kí ẹ lò. R12 ìgbà àtijọ́ wà lára ohun tí àdéhùn àgbáyé Montreal ti ọdún 1987, tó ń dáàbò bo ìpele ozone ojú ọ̀run, fòfin dè, òróró tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀ kò sì bá R134a mu. Kí wọ́n tó rọ gáàsì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú ọ̀pá jáde, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní tèmi, n kò ní gbé ọkọ̀ mi fún ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí.