Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Omi Olúmirìn

Láti ìgbà tí òjò ti ń dẹwọ́ ni ìbéèrè àwọn òǹkàwé wa l'Óṣogbo ti ń wọlé lórí omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. A mú márùn-ún nínú wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ kó ogún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ sí Olúmirìn, kí a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà wo ni ká gbà, ibo ni kí a gùn dé?* (Olùkọ́ kan, Òkè-Fíà)

Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó ṣeé ṣe, bí ọkọ̀ bá ti kúrò l'Óṣogbo ní aago méje àárọ̀. Òṣogbo sí Iléṣà tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Láti Iléṣà, ọ̀nà Àkúrẹ́ lẹ máa gbà. Kí awakọ̀ yín lajú dáadáa ní Ìwàràjà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pínyà: ọ̀kan lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Adó-Èkìtì, ìkejì lọ sí Àkúrẹ́. Ti Àkúrẹ́ ni tiyín. Tí ẹ bá dé oríta Ẹ̀rìnmọ̀, ẹ yà wọlé, ó kù díẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ èrò á wọ ti Iléṣà, á wọ ti Àkúrẹ́ ní Iléṣà, á sọ̀ ní oríta yẹn, á sì gun ọ̀kadà wọlé. Kó bá ọlọ́kadà náà ṣe àdéhùn àbọ̀ kó tó sọ̀ lórí ọ̀kadà o. Owó ìwọlé wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ má gbójú lé tiransifáà.

Ìpele méje ni omi náà fi ń já wálẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò le, ìrìn díẹ̀ lábẹ́ igi ni. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ọ̀nà ti ń ga, tí èèyàn ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú kó tó lè gbé ẹsẹ̀. Fún ogún ọmọ, ìpele kejì ti tó. Kí àgbàlagbà kan máa mójú tó ọmọ márùn-ún, kí ọ̀kan ṣíwájú, kí ọ̀kan kẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì ka orí wọn níbi gbogbo tí ẹ bá ti dúró.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ìsọ̀kalẹ̀ ló ń gbé èèyàn ṣubú ju gígùn lọ. Nígbà tí à ń gun òkè, ojú wa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ tẹ̀, ara sì fara ti òkè. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ti rẹ orúnkún, bàtà ti tutù, gbogbo ìwúwo ara ń ti èèyàn síwájú. Ẹ má wo bí agbára ṣe kù tó láti gùn, èyí tó kù láti sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ máa ṣírò. Bí orúnkún bá ti ń gbọ̀n, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ kí ẹ ti yíjú padà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, torí ilẹ̀ máa ń ṣú nínú igbó kó tó ṣú lójú títì.

*Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ jù ló dára jù, torí omi á máa ké ramúramù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Irú bàtà wo ni kí n wọ̀?* (Ọ̀dọ́mọkùnrin, Òkè-Baálẹ̀)

Òótọ́ ni pé omi ń pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n a ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án wà lára àwọn oṣù tí òjò máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, gbogbo àpáta á sì máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ẹ̀wẹ̀, omi á ti fà gan-an. Oṣù kọkànlá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ló wù wá jù: òjò ti ń lọ, omi ṣì pọ̀, ọ̀nà sì ti ń gbẹ.

Ìgbà yòówù kí ẹ lọ, ẹ mọ̀ pé òjò lè máa rọ̀ lókè kí oòrùn máa ràn níbi tí ẹ wà. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé di pupa bí ẹrẹ̀, bí ewé àti ìtì igi bá ń ya wálẹ̀, tàbí bí ariwo omi bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ kúrò nínú omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gun ibi tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ẹ má padà wá mú bàtà tàbí báàgì. Bí omi bá ti gba ọ̀nà, ẹ dúró síbi gíga yẹn títí yóò fi fà. Ẹ má sọdá rẹ̀.

Ní ti bàtà, kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní ilà tó jinlẹ̀, tí ẹ so okùn rẹ̀ pinpin, ló dára. Sílípáàsì kò dára rárá: ó ń bọ́, ó sì ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ tún máa wo ojú àpáta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dúdú, tó ń dán, tí ewé omi ti bò, ni ọ̀tá. Èyí tó rí gbágungbàgun, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ló ń di bàtà mú. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìdajì ìwúwo yín lé e wò ná. Níbi tó bá ga, nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì, kí mẹ́ta máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹyọ kan péré máa ṣí. Ẹ fa gbòǹgbò wò kí ẹ tó fara tì í, torí èyí tó ti gbẹ ń kán láìsọ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ń bọ̀ níbi tó dúró ṣánṣán, ẹ kọjú sí òkè, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn sọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Báàgì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Ẹ sì má ya fọ́tò nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń rìn.

*Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà á láàmú. Àwọn ìbejì mi sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ṣé kí n kó wọn lọ?* (Ìyá Ìbejì, Ìgbọ́nà)

Ẹ kó wọn dé ìpele àkọ́kọ́, kí Màmá lo ọ̀pá, kí àgbàlagbà kan di ọmọ kan mú. Kí wọ́n má kọjá ibẹ̀. Bí orúnkún Màmá bá ń dùn wọ́n gan-an, igbó Ọ̀ṣun tó wà nítòsí yín sàn jù: igbó ńlá ni, ó tó 75 hẹ́kítà, ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ti òkè lọ, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005. Omi kì í já láti òkè níbẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji igi wà, odò sì ń ṣàn. Kí àwọn ìbejì má jẹun lójú ọ̀nà, àwọn ọ̀bọ á já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ibi mímọ́ ni, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò.

*Ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ibi tí omi ń já sí gan-an? Ṣé a lè mu omi náà?* (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo)

Rárá sí méjèèjì. Omi tó ń já kó afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó ń hó, omi tó ń hó bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbé èèyàn léfòó bí omi tó dákẹ́. Èyí tó ń já lé e lórí tún ń tì í lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ gan-an lè rì síbẹ̀. Ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀ láti orí àpáta, torí ẹ ò rí òkúta tó wà lábẹ́. Ẹ jìnnà sí ibi tó ń já sí, kí ẹ dúró níbi tí omi kò kọjá orúnkún.

Ní ti mímu, èèyàn àti oko wà lókè tí omi náà ti ń bọ̀, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan gbé píọ̀ wọ́tà mẹ́ta dání, ìyẹn lítà kan ààbọ̀, kí ẹ sì kó ọ̀rá rẹ̀ padà wálé.

*Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rọ́ lórí òkè ńkọ́?* (Bàbá Fẹ́mi, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun)

Ẹ má fà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná wọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ooru ń mú kó wú sí i. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi aṣọ mìíràn dì í láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gòkè, kó má le jù: bí ọmọ ìka bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì. Tí ẹ bá jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó gbìyànjú láti rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá lè rìn ín, ó lè jẹ́ pé egungun ló dá. Kí ẹni méjì gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ẹ́sírè lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀yin tó mọ bí egungun ṣe wà.