Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Kọ́ Ni Ìdána

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Gbogbo wọn ló kan iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá ṣe ní Aláúsá kí n tó fẹ̀yìn tì: bí ìjọba ṣe ń bá àwọn ará òkè òkun ṣe ìwádìí pọ̀, kí èrè rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Èyí àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, orí rẹ̀ ni màá sì pẹ́ sí.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n gbé mi kúrò ní ẹ̀ka ìṣúná wá sí ẹ̀ka tó ń rí sí àjọṣe ìwádìí àti ìmọ̀ tuntun pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Èmi ni olórí ibẹ̀, èèyàn méje la sì jẹ́. MoU, ìyẹn ìwé ìfẹnukò, mọ́kànlélógún ni mo bá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá. N ò rí ẹyọ kan tí mo lè tọ́ka sí pé nǹkan báyìí ló ti inú rẹ̀ jáde. Ọ̀gá wa tún ń fẹ́ kí a fọwọ́ sí méjì sí i kí ọdún tó parí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìkẹjà*

Àbúrò mi, fi méjì tí ọ̀gá ń béèrè yẹn sílẹ̀ ná. Kó mọ́kànlélógún jáde sórí tábìlì, kí ìwọ àti àwọn èèyàn rẹ kà wọ́n látòkè délẹ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá orúkọ ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa, orúkọ ẹni tó yẹ kó ṣe é lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó máa sanwó, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Nígbà tí èmi ṣe irú rẹ̀ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba ẹ̀ka wa, mẹ́rìndínlógún la bá nílẹ̀. Méjì péré ló ní orúkọ èèyàn nínú, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ sì ti fẹ̀yìn tì, ó ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú.

O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹbí méjèèjì á jókòó, wọ́n á mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n á ya fọ́tò, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní nǹkan kan. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìdána ni ìwé ẹrù tó ń jáde: iṣu mélòó, obì mélòó, orógbó mélòó, ta ló máa gbé e wá, ọjọ́ wo. MoU, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni. Ẹbí mọ́kànlélógún tó ti ya fọ́tò tí wọn ò padà wá mọ́ ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ. Wàyí o, ta ló ń kọ ìwé ẹrù nílẹ̀ Yorùbá? Ẹbí ìyàwó ni. Àmọ́ nínú àjọṣe ìwádìí, ó pẹ́ tí a ti jẹ́ kí ẹbí ọkọ máa kọ ìwé ẹrù fún ara wọn, kí àwa kàn máa dúró ya fọ́tò.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Yunifásítì kan láti òkè òkun wá bá wa pé àwọn fẹ́ yẹ omi àti ẹrẹ̀ inú ọ̀sà wò, láti Mákòókó títí dé ẹ̀yìn Akọ́kà, kí a lè mọ̀ bóyá òjé àti àwọn irin olóró mìíràn ń wọ inú ẹja. Iṣẹ́ tó dára ni. Inú mi dùn débi pé mo tẹ ìwé àdéhùn náà fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí iná lọ tí àwọn akọ̀wé ti relé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣèlérí gúnlẹ̀ sí Àpápá ní oṣù kẹta. Oṣù kọkànlá ló tó dé láàbù. Kò sí gbólóhùn kan nínú àdéhùn tó sọ ẹni tó máa san owó orí ẹrù, tàbí ẹni tó máa lọ gba ìwé pé kí ìjọba yọ̀ǹda owó náà. Owó ìdúró ẹrù ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ wá dé tán, kẹ́míkà tí a ó máa fi ṣiṣẹ́ kò sí lọ́jà Èkó, ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ ọ́n lò sì ti padà sílé.

Ẹrẹ̀ tí wọ́n bù ní tiwa ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ní tirẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ́ wò lọ́hùn-ún, wọ́n kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìwádìí. Orúkọ àwọn onímọ̀ wa tí wọ́n fi oòrùn ọ̀sán wọ inú ẹrẹ̀ dé orókún kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ìwé àdéhùn yẹn fún ọ̀gá mi pé kó bu ọwọ́ lù ú. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Mákòókó ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ àbájáde náà, wọn ò sì gbọ́.

Láti ìgbà yẹn, kò sí àdéhùn tó kúrò lọ́dọ̀ wa láìní ojú ewé kan tí àwa fúnra wa ń pè ní ìwé ẹrù. Ibẹ̀ la ti ń kọ ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ kúrò ní Àpápá àti àpò tí owó rẹ̀ ti máa jáde, ibi tí kẹ́míkà ọdún kejì àti ìkẹta ti ń bọ̀, dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ máa mu, iye ọmọ wa tí wọ́n máa kọ́ lórí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó lọ, orúkọ tó máa wà lórí ìwé ìwádìí, àti ọjọ́ tí a máa fi èdè Yorùbá àti èdè Ẹ̀gùn sọ àbájáde fún àwọn tó ni àdúgbò. Àwọn àlejò kan rí ojú ewé yẹn, wọn ò padà wá. Ẹ̀ka wa ò pàdánù nǹkan kan lọ́wọ́ irú wọn.

Ní ti àwọn méje rẹ, má pín wọn ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, kí ẹnì kan máa jẹ́ ti Jámánì, kí ẹnì kan máa jẹ́ ti Ṣáínà. Pín wọn sí ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé. Kí ẹnì kan mọ Horizon Europe, ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń náwó sórí ìwádìí, dunjú. Bílíọ̀nù 95.5 owó yúrò ni Yúróòpù yà sọ́tọ̀ fún un láti 2021 sí 2027. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó wà nínú ètò náà gbọ́dọ̀ wà nínú àbá kí wọ́n tó gbà á, ọ̀kan ó kéré tán láti inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àwa lè dara pọ̀ mọ́ wọn, kí wọ́n sì sanwó fún wa. Ṣùgbọ́n láàbù tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, dígíìtì mẹ́sàn-án ló ní. Mo ti rí láàbù kan níbí tí wọ́n ní kó wá dara pọ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ilẹ̀kùn tì, tí kò sì ní nọ́ńbà náà. Iṣẹ́ ìjọba ni láti ti bá gbogbo láàbù wa gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn.

Kí ẹlòmíràn mọ SATREPS, ètò àjọṣe ìwádìí ti Jàpáàn, tó ti wà láti 2008. Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀ka bíi tìrẹ fi wà. Onímọ̀ Jàpáàn á kọ àbá tirẹ̀ sí àjọ wọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìjọba orílẹ̀-èdè tiwa náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè iṣẹ́ náà. Bí ìwé ìjọba ò bá dé lásìkò, àbá ti kú nìyẹn, bó ti wù kó dára tó. Mo ti fúnra mi gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú àárọ̀ lọ sí Àbújá, torí fáìlì náà ti sùn sórí tábìlì ẹnì kan fún ọjọ́ méjìdínlógún. Ẹni tó bá wà ní ẹnu ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kì í tijú àtipe ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ ó sì máa bá Tokyo sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, torí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹni yẹn bá ń ti Ìkòròdú wá, jẹ́ kó ṣe ìpàdé náà láti ilé rẹ̀, kí o sì wá owó íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Má jẹ́ kó máa jí ní aago mẹ́rin nítorí gósílóò.

Kí ẹ̀kẹta máa ṣọ́ òfin. Bí ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ń ti òkèèrè wọlé tí a ó sì máa sanwó fún un, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ àdéhùn náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ wọlé, láàrín 60 ọjọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ò ní lè gba bánkì kọjá bó ti yẹ. Àwọn yòókù, ìwọ lo mọ agbára wọn. Ṣáà rántí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kìn-ín-ní 2025, ẹ̀ka tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló gbójú lé, ṣe ló ń wo òkè.

Ọ̀gá ńkọ́? Má bá a jà. Gbé ìwé ẹrù méjì lọ bá a fún méjì tó fẹ́ fọwọ́ sí, kí o sì sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ máa ka èyí fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ náà, sà." Ọ̀gá tó bá rí ohun gidi tó lè kà níta kì í fẹ́ ka òfìfo mọ́. Ó ṣiṣẹ́ fún mi lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà mẹ́ta.

*Ìyá, ọmọ-ọmọ mi wà nínú ìwádìí kan tí àwọn òyìnbó àti àwọn dókítà wa jọ ń ṣe. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ló dé tí ìjọba ń jẹ́ kí wọ́n máa kó ẹ̀jẹ̀ wa lọ? — Bàbá kan, Sùúrùlérè*

Bàbá, ẹ kú ìrònú. Ìbéèrè yín ti pẹ́ ní Yábàá ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Láti 1925 ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ti ní ibùdó níbẹ̀ tó ń wá ìdí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí a ń gba yẹ́lò káàdì fún. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ara Asibi yá. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó àrùn yẹn, ó sì kú sí Èkó níbí lọ́dún kan náà. Inú kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D, wọ́n sì fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín kí ẹ tó lọ Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, ara Asibi ló ti wá. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀mí là káàkiri ayé, n ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìmọ̀ àti ọlá rẹ̀ dúró sí.

Ẹ wá fi wé 2020. Nígbà tí kòrónà kọ́kọ́ wọ Èkó ní ìparí oṣù kejì, Ẹdẹ níbí, ní ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá àwọn àrùn tó ń ràn ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti ka ìwé àbùdá kòkòrò náà, láàrín ọjọ́ mélòó kan. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi tó ń darí ibẹ̀ àti Pardis Sabeti, onímọ̀ àbùdá kan ní Amẹ́ríkà, ti ń jọ ṣiṣẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa, wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ wá sílé. Ohun tí wọ́n gbà lára aláìsàn kò nílò láti sọdá òkun kí a tó mọ ohun tó ń bá wa jà. Irú àjọṣe yìí ni mo fẹ́ kí ìjọba máa wá kiri.

Ní ti ọmọ náà, ẹ ní kí ìyá rẹ̀ béèrè ìwé tó fọwọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Kí ó wò ó bóyá orúkọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà wà níbẹ̀, nítorí Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gbà kí a ṣe ìwádìí lára èèyàn láìsí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ọdún mélòó ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n máa sọ fún un bí wọ́n bá rí àìsàn kan. Ó sì lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nígbàkigbà láìjẹ́ pé wọ́n dù ú ní ìtọ́jú. Bí ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè.

*Ẹ káàsán ma. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ara ohun abẹ̀mí ní yunifásítì, mo sì ń gbé Bàríga. Ṣé dandan ni kí n di ọ̀mọ̀wé kí n tó lè ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ẹ máa ń sọ yìí? — Ọmọbìnrin, ọdún 24*

Rárá, ọmọ mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́, ẹni tí mo gbára lé jù, HND ló ní. Ó mọ̀ ọ́n kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé débi pé lọ́jọ́ kejì, àlejò ò lè sọ pé òun ò ṣèlérí. Kọ́ ìyẹn. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìṣúná. Kọ́ Faransé, torí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò súnmọ́ wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ, a kì í sì í bá wọn ṣe tó bó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n ká tó sọ̀rọ̀ òkèèrè, ó yẹ kí o mọ ohun tó wà nílé. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, ti wà ní Òṣòdì láti 1956, ó sì lè jẹ́ pé iwájú rẹ̀ lo máa ń gbà kọjá. Kọ̀wé sí wọn pé o fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe gàrí. Bí wọ́n bá gbà ọ́ láàyè, bi ẹni tó ń mú ọ yí ká léèrè ohun tó ṣaláìní tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dúró, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.