Commit ẹ ò sí lórí GitHub, má sanwó fún ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọyẹ́ ni mo ti ń kàwé, wẹ́búsáìtì tí wọ́n á fi máa gba yàrá ní hostel ni project mi. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣe git commit, ìyẹn kí n fi Git tọ́jú bí iṣẹ́ mi ṣe rí, lálaalẹ́ kí n tó sùn. Láptọ́ọ̀pù mi wá dédé kú, kò tàn mọ́. Mo fi ti ọ̀rẹ́ mi wọ GitHub, README, fáìlì tó ń ṣàlàyé project, nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ẹnì kan ní Adó ní kí n mú ₦25,000 wá, òun á bá mi fa gbogbo commit yẹn jáde láti GitHub. Ṣé kí n san án? Báwo lèèyàn tiẹ̀ ṣe ń ṣe commit tí kò fi ní sọnù?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Kò sí nǹkan kan lórí GitHub tó fẹ́ fà jáde, torí commit ẹ ò débẹ̀ rí. Kì í ṣe pé wọ́n sọnù níbẹ̀, wọn ò lọ rárá ni. Ẹni tó mọ Git débi tó fi ń gbowó lórí ẹ̀ yẹ kó mọ ìyẹn, tí ò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ fi owó ẹ ṣe?

Ìbéèrè yìí kan náà làwọn ọmọ wa ń bi mí ṣáá, láti Ọyẹ́, láti Ìkòlé, láti ọ̀nà Ìwòròkó, pàápàá tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n fi project han àwọn olùkọ́. Inú máa ń bí mi, kì í ṣe sí wọn o, sí àwọn tó kọ́ wọn pé "tí o bá ti commit, ó ti bọ́ sórí GitHub nìyẹn." Irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe Git.

Linus Torvalds tó ṣe Linux ló kọ Git ní April 2005, nígbà tí àǹfààní táwọn tó ń ṣe Linux ní láti lo BitKeeper, irinṣẹ́ irú ẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ dópin. GitHub ò dé títí di 2008. Ọdún mẹ́ta làwọn èèyàn fi ń ṣe commit kí ohun tó ń jẹ́ GitHub tó délé ayé, níbo ni commit wọn ń lọ nígbà yẹn? Inú kọ̀ǹpútà wọn ló wà, inú kọ̀ǹpútà ẹ náà ni tìẹ wà. Git yàtọ̀, GitHub yàtọ̀. Git ni irinṣẹ́ tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, GitHub jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń báni tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Microsoft ló rà á ní 2018. Mo rò pé ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yìí ti wá ni pé àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí lo Subversion tàbí CVS rí, àwọn irinṣẹ́ irú Git tó ti wà ṣáájú ẹ̀, níbẹ̀ o, tí o bá ṣe commit, orí sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò, ló ń lọ tààrà, tí ọwọ́ ẹ ò bá tó sáfà, kò sí commit. Wọ́n wá gbé àṣà ibẹ̀ wá kọ́ ọmọ tó ń lo Git.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó pa dátà ẹ̀, kó pa wifi, kó wá ṣe commit. Ó máa gbà. Á tiẹ̀ dáhùn báyìí:

[main 3f2a9c1] Tún fọ́ọ̀mù yàrá ṣe
 1 file changed, 12 insertions(+), 3 deletions(-)

3f2a9c1 yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ commit náà, odindi ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. Ó ti wọ inú fódà kan tó ń jẹ́ .git, fódà yẹn fara pamọ́ sínú fódà project ẹ, ìdí nìyẹn tí o kì í fi í rí i. Ohun tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí GitHub ni git push. Git fúnra ẹ̀ ti ń sọ fún ẹ látọjọ́ yìí: tí o bá tẹ git status, á kọ ọ́ pé "Your branch is ahead of 'origin/main' by 41 commits", tàbí iye yòówù tó bá jẹ́, ìyẹn ni pé commit 41 wà lọ́wọ́ ẹ tí GitHub ò tíì rí. Ọ̀pọ̀ yín máa ń fojú fo gbólóhùn yẹn torí pé kò pupa bí error.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé láptọ́ọ̀pù lè kú kí disk inú ẹ̀ má kú. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀dù ló jóná, ó lè jẹ́ ibi tí iná ń gbà wọlé, mi ò tíì fojú rí i, mi ò lè búra. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí o fọkàn tán, kó yọ hard disk tàbí SSD ẹ̀, kó fi case USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ da gbogbo fódà project náà kọ, pẹ̀lú .git tó fara pamọ́ o. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tí wọ́n jó SSD mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn ò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé BitLocker, ohun tó ń ti disk pa, wà lórí Windows ẹ, ó máa béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó ní díjíìtì 48, ó sábà máa ń wà nínú account Microsoft ẹ. Tí hard disk bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má tàn án mọ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe format. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu àwọn kan nígboro Adó nìyẹn, "a máa format ẹ̀", wọn ò ní bi ẹ́ ohun tó wà níbẹ̀. Kọ ọ́ sórí páálí, lẹ̀ ẹ́ mọ́ láptọ́ọ̀pù náà gbàgàdà: Ẹ MÁ FORMAT.

Ìbéèrè kejì ò le:

git status
git add form.php
git commit -m "Tún fọ́ọ̀mù yàrá ṣe"
git push

Status á fi ohun tó yí padà hàn ẹ́, add á mú èyí tí o fẹ́ kọ sílẹ̀, commit á kọ ọ́, push á gbé e lọ. Add ni wọ́n sábà máa ń ṣì lò. Bí fáìlì ṣe rí lásìkò tí o ṣe add ni commit máa kọ, tí o bá add tán, tí o tún lọ yí ìlà kan padà, tí o wá commit, ìlà tuntun yẹn ò sí níbẹ̀ àfi kó o tún add. git commit -am táwọn kan fẹ́ràn, fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń mú, fáìlì tuntun á ṣẹ́kù síta.

Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe wàhálà lọ́dọ̀ yín. Commit nígbà tó bá wù ẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wọlé, push. Ohun tó jẹ́ tuntun nìkan ló ń gbé lọ, kì í jẹ dátà bí ẹ ṣe rò, àfi tó o bá kó fídíò sínú ẹ̀, GitHub ò sì ní gba fáìlì tó bá ju 100 MB lọ. Tó bá ní páswọ́ọ̀dù ẹ ò wọlé, kì í ṣe pé o gbàgbé ẹ̀, láti August 13, 2021 ni GitHub ò ti gba páswọ́ọ̀dù account fún push mọ́, token tàbí SSH key ni, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń rọ́pò páswọ́ọ̀dù. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ yín ti sú, tẹ́ ẹ fi pa push tì. Lọ sí Settings, wá Developer settings, ṣe token níbẹ̀, òun ni kó o lẹ̀ síbi tó ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù.

Dátábéèsì ńkọ́? Àwọn tábìlì MySQL ẹ ò sí nínú fódà project, Git ò mọ̀ wọ́n rí, torí náà ká tiẹ̀ ní o ń push lójoojúmọ́, wọn ò ní débẹ̀. Tó bá jẹ́ XAMPP, tó ń jẹ́ kí wẹ́búsáìtì àti MySQL ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, lo lò, ẹ da C:\xampp\mysql\data náà kọ nígbà tẹ́ ẹ bá yọ disk. Lọ́jọ́ iwájú, mysqldump ni kó o fi sọ ọ́ di fáìlì .sql, àmọ́ tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù akẹ́kọ̀ọ́ gidi bá wà níbẹ̀, má gbé e síta fáráyé. Fáìlì tí páswọ́ọ̀dù dátábéèsì bá wà nínú ẹ̀ náà, kọ orúkọ ẹ̀ sínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git ò gbọ́dọ̀ mú, kó o tó add ohunkóhun.

Tí fódà náà bá ti dé orí láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ ẹ, wọ inú ẹ̀, tẹ git log --oneline. Tí o bá rí àwọn commit ẹ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, push kó o tó ṣe nǹkan míì, kó o wá ṣí GitHub wò bóyá èyí tó gbẹ̀yìn ti débẹ̀. Tó bá jẹ́ error ló jáde, fi ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe rí, má pa fáìlì kankan rẹ́ nínú .git.