Kí o tó kọ ìtàn Lolo, ṣí agolo ìwé wọn

Àbúrò mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé tí mo ka ìbéèrè rẹ, oorun sì dá lójú mi pátápátá. O ní bàbá àgbà ọkọ rẹ (Lolo ni wọ́n ń pe bàbá àgbà), ará Philippines tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, máa pé 90 ọdún lóṣù tó ń bọ̀ ní Vallejo ní California, ìwọ ìyàwó Yorùbá sì ni ẹbí ní kó kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí wọn ó kà lójú àwọn àlejò. O bi wá pé ibo ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí ni kí o bi wọ́n, àti pé ṣé kí o dárúkọ ọmọbìnrin wọn tó ṣì wà ní Laoag ní Philippines, tó ń retí ìwé ìpè sí Amẹ́ríkà tí bàbá kọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, mo sì ṣe é ní ìdàkudà. Tèmi kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí o, ti òkú ni. Àwọn ará Philippines a máa gbàdúrà fún alẹ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí èèyàn bá kú, pasiyam ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ ogójì náà tún wà, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa nílé. Láàárín alẹ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo kọ ọ́, nígbà tí ẹni tí ǹ bá bi léèrè ti dákẹ́.

Wọ́n bí Lolo tiwa, bàbá àgbà ọkọ mi, ní agbègbè Ilocos Norte ní Philippines ní 1924. Nígbà tí Japan gba ilẹ̀ wọn, wọ́n bá àwọn tó ń jà lábẹ́ Amẹ́ríkà wọ igbó. Ogun parí, ọ̀rọ̀ yí padà: ní oṣù kejì ọdún 1946, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé iṣẹ́ ológun àwọn ará Philippines wọ̀nyẹn kò mú ẹ̀tọ́ ajagunfẹ̀yìntì wá. Ó di 1990 kí òfin míì tó fàyè gba àwọn tó kù láyé láti wá di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Lolo dé San Francisco ní 1993, ẹni ọdún 69. Àwọn àti arúgbó mẹ́ta míì ló pín yàrá kan ní àdúgbò South of Market. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún arúgbó aláìní ni wọ́n ń jẹ, bí wọ́n bá sì ti gbà á, Laoag ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Ìyá ọkọ mi, tó ti wá ṣe nọ́ọ̀sì níbí ṣáájú wọn, bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Daly City. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ̀ jálẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Ní 2009 tí ìjọba ní òun máa fún àwọn ajagun yẹn ní dọ́là 15,000 bí wọ́n bá ti di ọmọ onílùú, 9,000 bí wọn ò bá tíì dì í, ju ìdajì àwọn tó béèrè ni wọ́n dá padà pé orúkọ wọn ò sí nínú ìwé àwọn. Méjì nínú àwọn tí Lolo bá gbé yàrá wà lára wọn. Lolo rí tiwọn gbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tán: owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mẹ́rin, páànù ilé àbúrò wọn, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n pín fún àwọn méjì tí ìjọba kọ̀. Àwọn fúnra wọn ò ra nǹkan kan, àfi bàtìrì rédíò.

Ó dára, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó wà ní Laoag. Ibi tó dùn mí jù nìyí, mo mọ̀ pé màá sọ̀rọ̀ jù, forí jì mí.

Ní 1995, Lolo kọ ìwé I-130, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pe ẹbí wá sí Amẹ́ríkà, fún Tita, àbígbẹ̀yìn wọn. Tita ti lọ́kọ, ó sì ti bímọ méjì. Ọmọ onílùú lè pe ọmọ rẹ̀ tó ti ṣe ìgbéyàwó wá, ṣùgbọ́n ìlà kẹta ni wọ́n ń tò ó sí. Físà tí wọ́n ń fún ìlà yẹn lọ́dún kò tó nǹkan, orílẹ̀-èdè kan kò sì gbọdọ̀ kó ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn ará Philippines sì pọ̀ lórí rẹ̀ bí èèrà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé Tita ní 1997, lẹ́yìn ìyẹn ó kan ìdúró. Ìyá ọkọ mi rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó dà bí ilẹ̀ tí èèyàn ti rà tó sì ti gba rìsíìtì.

Oṣù kẹrin 2012 ni Lolo mí ìmí ìkẹyìn. Ìwé náà bá wọn kú. Kò sí ẹni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀! Ìgbà tí a kọ lẹ́tà láti yí àdírẹ́sì padà, tí a fi kún un pé bàbá ti kú, ni wọ́n fèsì pé ó parí, wọ́n ti wọ́gi lé e. Ìlà mẹ́rin péré ni lẹ́tà yẹn. Ọdún 17 tí Tita fi dúró, ìlà mẹ́rin.

A gbé e lọ bá lọ́yà kan. Ó gba dọ́là 3,500, ó ní òfin 2009 kan wà tó ń dáàbò bo ẹni tí ẹni tó pè é bá kú. Òótọ́ ni òfin yẹn wà. Ohun tí kò sọ ni pé ẹni tó bá ń gbé ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí ikú ṣẹlẹ̀ ló wà fún. Tita wà ní Laoag! Ọmọ ilé-ìwé tó bá ka òfin yẹn dé ìsàlẹ̀ máa rí i. Oṣù 14 la fi gbọ́ "ẹ ṣe sùúrù". Èmi ò sọ pé gbogbo lọ́yà ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí lọ́yà bá sọ òfin fún ọ, ní kó fi ojú ìwé hàn ọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà pé kí wọ́n jí i dìde nítorí àánú. Humanitarian reinstatement ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, di orúkọ yẹn mú. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé náà kí ẹni tó kọ ọ́ tó kú. Mọ̀lẹ́bí kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba onígbọ̀wọ́ owó rọ́pò olóògbé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tí wọ́n ń pè lè ṣe é, ìyá ọkọ mi ló ṣe tiwa. Kò sí fọ́ọ̀mù fún un, kò sí owó tí wọ́n ń gbà, bí ọ́fíìsà bá sì kọ̀, kò sí ibi tí o lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ gbà. Ó wà lọ́wọ́ bí ó ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n kọ ti àkọ́kọ́. Wọ́n gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 2015. Tita dé ní 2018, ó ti pé ẹni ọdún 61. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti kọjá 21, wọn ò lè bá a wá. Òfin 2002 tó yẹ kó yọ ọdún kúrò lórí ọjọ́ orí wọn, kìkì àkókò tí ìwé wà lórí tábìlì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ló ń yọ. Ọdún méjì ni tiwa. Ẹ̀rín ni mo rín lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ohun míì tí ǹ bá ṣe.

Nítorí náà, dárúkọ ọmọbìnrin yẹn nínú ìtàn, kí o sì dárúkọ rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n kí o tó débẹ̀, bi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tó ti di ọmọ onílùú pé ṣé òun náà ti kọ ìwé fún un. Ìlà kẹrin nìyẹn, ó gùn gan-an, ṣùgbọ́n èèyàn lè wà lórí ìlà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò le.

Ìtàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí. Gba ọwọ́ Lolo, fi kan iwájú orí rẹ kí o tó jókòó. Mano ni wọ́n ń pè é, bí ìkúnlẹ̀ tiwa ló rí. Bí ìwọ ìyàwó àjèjì bá ṣe é, ẹnu wọn á là. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń sè nínú ọkọ̀ ojú omi. Àdéhùn 1947 ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà máa gba àwọn ọmọ Philippines sínú ọkọ̀ ogun láti ilé wọn, ṣùgbọ́n títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ gbígbọ́ oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń fún wọn. Má bò ó mọ́lẹ̀ pé "wọ́n jẹ́ ológun". Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí lára wọn, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí.

Orúkọ náà, ṣọ́ra. Orúkọ ìdílé tó dún bíi ti Spain kò sọ pé Spain ni wọ́n ti wá. Ìjọba Spain ló pín orúkọ láti inú ìwé fún wọn ní 1849. Èmi bi Lolo lójú gbogbo ilé pé ará Spain wo ló bí wọn, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Kí o sì yẹ orúkọ ìlú wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ Badoc dípò Batac, ọkọ mi kà á síta níwájú pósí, ìkùnsínú sọ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé ìfọwọ́sí 1997 tí a ń wá kiri, inú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn Lolo la ti rí i. Ohun tó kún inú agolo yẹn ju ìwé lọ ni bébà tí wọ́n fi tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn èèyàn, tí wọ́n fi bírò yípo rẹ̀, tí orúkọ onítọ̀hún wà láàárín. Wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti Laoag kí Lolo lè ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu sínú páálí balikbayan, ìyẹn páálí ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, pẹ̀lú ọṣẹ, táwẹ́ẹ̀lì àti ẹran inú agolo. Mo ka ọgbọ̀n lé kan. Ọ̀kan nínú wọn, "Mama, Nigeria" ló wà lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ní 2010 Lolo ní kí n gba ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyá mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá ṣì ń wọ bàtà yẹn lọ sí ìpàdé àwọn ìyá.

Bí o bá ti rí ìwé ìfọwọ́sí I-130 ti Lolo yín, wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìlà (priority date), kọ ọ́ síbí, màá bá ọ wo ibi tí ìlà dé.